Ẹni Tó Kẹ́yìn Ni Kí Ẹ Ṣètò Fún: Ìtọ́sọ́nà fún Àpéjọ Alùpùpù Òpin Ọ̀sẹ̀

Lójú ẹni tó wá gbádùn, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni àpéjọ alùpùpù ń bẹ̀rẹ̀. Lójú ẹni tó ṣètò rẹ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀ láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn, lórí tábìlì, níbi tó ti ń fi bírò ṣírò bí táńkì epo àwọn èèyàn ṣe tóbi sí. Mo ti wà lára àwọn tó ṣètò irú àpéjọ yìí nígbà mélòó kan. Òmíràn dùn, òmíràn kan. Àwọn tó kan mọ́ wa lọ́wọ́, ohun kan náà ló fà á: àwọn tó mọ̀ ọ́n gùn la ṣètò fún, a gbàgbé ẹni tó kẹ́yìn.

Ẹni tó kẹ́yìn yẹn lè jẹ́ ẹni tí táńkì rẹ̀ kéré jù, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ìwakọ̀. Ó lè jẹ́ ẹni tó gbé ìyàwó rẹ̀ sẹ́yìn, tàbí àgbàlagbà tí ìbàdí kì í jẹ́ kó jókòó ju wákàtí kan lọ. Bí ètò bá ti gba ẹni yẹn, ó gba gbogbo wa.

Kí ẹ tó mú ọjọ́

Iye èèyàn ló ṣáájú. Ẹ má fi igba alùpùpù bẹ̀rẹ̀. Àpéjọ Sturgis ní ìpínlẹ̀ South Dakota ní Amẹ́ríkà, tó ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn jọ lọ́dọọdún báyìí, ìdíje kékeré tí ẹni mẹ́sàn-án péré kópa nínú rẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1938. Ogún alùpùpù tó fún ìgbà àkọ́kọ́. Bó bá máa di ogójì, ẹ gbọ́dọ̀ ti ní èèyàn márùn-ún tàbí mẹ́fà tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà pé wọn ò ní já yín kulẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́. Ẹ wo ojú ọjọ́, ẹ wo ayẹyẹ tó lè mú kí ọ̀nà dí, àmọ́ èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í wò ni àsìkò tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ yọ wákàtí méjì kúrò nínú rẹ̀: àsìkò yẹn ni alùpùpù tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ ti wọ ibùdó. Wákàtí méjì yẹn wà fún táyà tó máa jò, ẹni tó máa ṣìnà, òjò tó máa dé lójijì. Bí ẹ bá ti ná an tán kí ẹ tó gbéra, inú òkùnkùn lẹ máa ti pàgọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwé ò gbọdọ̀ dúró. Ẹ gba àṣẹ ẹni tó ni ilẹ̀, kó sì wà lákọsílẹ̀. Ẹ fi tó ọlọ́pàá àti ìjọba ìbílẹ̀ létí. Níbòmíràn, ìfitónilétí lásán ti tó, níbòmíràn, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kí èrò alùpùpù tó lè rìn pọ̀ lójú títì. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ wọn, ẹ má méfò. Ẹ ka ìwé inṣọ́ránsì yín dáadáa pẹ̀lú, torí ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í san owó kankan bó bá jẹ́ pé eré ìje ni ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ fún ẹni tó kọ́kọ́ dé ibùdó ní ẹ̀bùn. Bí ẹ bá fẹ́ fúnni lẹ́bùn, ẹ fún ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn jù wá, tàbí ẹni tó gun alùpùpù tó gbó jù.

Àwọn tó ń gbé ní tòsí pápá náà ńkọ́? Ẹ lọ kí wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, ẹ sọ wákàtí tí ariwo máa dúró, ẹ sì fi nọ́ńbà fóònù ẹnì kan sílẹ̀ fún wọn. Ẹni tí ẹ ti kí kì í tètè pe ọlọ́pàá.

Owó: ẹ gbà á ṣáájú. Ẹni tó bá ní òun á san tóun bá dé, ẹ kà á mọ́ àwọn tí kò ní wá.

Ọ̀nà àti epo

Ẹ fi alùpùpù gba ọ̀nà náà fúnra yín. Mọ́tò kò lè sọ ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ fún yín, àwòrán ilẹ̀ inú fóònù ò sì mọ òkúta wẹ́wẹ́ tó dà sí kọ́nà. Ẹ gbà á ní irú ọjọ́ àti wákàtí tí ẹ máa fi rìn ín, torí ilé epo tó ń ṣí lọ́jọ́ Ajé lè tì pa lọ́jọ́ Àìkú. Bí ẹ bá ti ń lọ, ẹ máa wo mítà, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀: kìlómítà 38, ilé epo, kìlómítà 51, kòtò lẹ́yìn afárá, kìlómítà 64, fóònù ò ṣiṣẹ́ títí dé 70. Ìwé kékeré yìí máa wúlò ju bí ẹ ṣe rò lọ. Lọ́jọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, òun lẹ máa fi júwe ibi tí ẹ wà fún ọkọ̀ aláìsàn.

Ẹ wá ṣírò epo. Ká ní táńkì tó kéré jù láàárín yín ń gba lítà 8, tí alùpùpù náà sì ń fi lítà kan rin kìlómítà 20. Kìlómítà 160 nìyẹn kó tó gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀, atẹ́gùn ń ti iwájú bọ̀, ó sì ń sáré kó lè bá àwọn tó kù. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò. Ó ku 120. Nítorí náà, àárín ilé epo kan sí èkejì kò gbọ́dọ̀ ju kìlómítà 120 lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn mọ́kàndínlógún yòókù lè rin 300 láì bojú wẹ̀yìn.

Ẹ má gbàgbé àsìkò tí epo ń gbà. Ogún alùpùpù, ìṣẹ́jú mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ epo méjì: ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti lọ. Kí olúkúlùkù ti kún táńkì rẹ̀ kó tó dé ibi tí ẹ máa ti gbéra, kí gbogbo èèyàn sì tún rà níbi ìdúró kọ̀ọ̀kan, títí kan ẹni tó bá ní tòun ṣì wà ní ìlàjì. Ẹni tó bá ní ìlàjì ṣì wà, òun náà ló máa nawọ́ sí táńkì pé epo ń tán ní ogójì kìlómítà síwájú.

Bí ẹ ṣe máa rìn

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ àpéjọ ti ń bàjẹ́, nítorí náà màá pẹ́ díẹ̀ lórí rẹ̀.

Alùpùpù tó ń sáré kìlómítà 90 ní wákàtí kan ń jẹ mítà 25 nínú ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ogún alùpùpù bá tò tẹ̀lé ara wọn, tí ìṣẹ́jú-àáyá kan péré wà láàárín ẹnì kan sí èkejì, ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn ti jìn síra ní mítà 475. Ìdajì kìlómítà kù díẹ̀! Kò sí mọ́tò tó lè fara balẹ̀ kọjá ìlà tó gùn tóyẹn, aṣíwájú kò sì lè rí ẹ̀yìn. Bí ẹ bá pín wọn sí méje-méje, mítà 150 ni ìlà kọ̀ọ̀kan. Ìdí tí àwọn tó ń kọ́ni ní alùpùpù fi ń sọ pé márùn-ún sí méje ni kí ẹgbẹ́ kan jẹ́ nìyẹn. Kí ẹgbẹ́ kan gbéra, kí èkejì dúró ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó tẹ̀ lé e.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní aṣíwájú, ó sì ní ẹni ẹ̀yìn. Ẹni ẹ̀yìn ló yẹ kó dáńtọ́ jù, nítorí òun ló máa dúró ti ẹni tí nǹkan bá ṣe, òun náà ló ń gbé àpótí ìtọ́jú pàjáwìrì àti irinṣẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ńkọ́? Ẹ fi í sí ẹ̀yìn aṣíwájú gan-an. Àwọn kan máa ń fi í sẹ́yìn pátápátá nítorí pé kò yára, àṣìṣe ńlá sì ni. Ìlà alùpùpù dà bí rọ́bà: bí aṣíwájú bá dẹwọ́ ní kọ́nà tó tún mú eré pọ̀ sí i, ẹni kejì máa sáré díẹ̀ láti bá a, ẹni kẹta máa sáré jù ú lọ. Nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ ẹni keje, ó ti di eré àsápajúdé. Ẹni tí ẹ rò pé ẹ fi pamọ́ sẹ́yìn ni ẹ fi síbi tí eré ti pọ̀ jù.

Lójú títì tó gbòòrò, kí aṣíwájú wà lápá kan ojú ọ̀nà tiyín, kí ẹni kejì wà lápá kejì, kí ẹni kẹta tún bọ́ sẹ́yìn aṣíwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ẹni tó wà níwájú yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, méjì sí ẹni tó wà níwájú yín gan-an. Bí ọ̀nà bá ti ń yí, tó fún, tàbí tí òjò ń rọ̀, ẹ tò ní ọ̀kan-ọ̀kan. Ẹ kò gbọ́dọ̀ rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara yín. Bí kòtò bá yọ, kò ní sí ibi tí ẹnikẹ́ni máa yà sí.

Oríta ló kù. Ọ̀nà tó dára jù tí mo mọ̀ nìyí: bí aṣíwájú bá fẹ́ yà, yóò na ìka sí ibi tí ẹni kejì máa dúró. Ẹni yẹn á páàkì síbi tí kò léwu tí gbogbo èèyàn ti lè rí i, á sì máa fọwọ́ júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń bọ̀. Bó bá ti rí ẹni ẹ̀yìn, á wọ ìlà padà níwájú rẹ̀. Ẹni kẹta ti di ẹni kejì, oríta tó ń bọ̀ ti di tirẹ̀. Pẹ̀lú èyí, kò sẹ́ni tó nílò láti já iná pupa nítorí kí wọ́n má bàa fi í sílẹ̀.

Òfin kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: ẹni tí ẹ fi sí oríta kò gbọ́dọ̀ kúrò títí yóò fi rí ẹni ẹ̀yìn. Lọ́dún kan, ẹnì kan lára wa rí alùpùpù dúdú tó kọjá, ó rò pé ẹni ẹ̀yìn ni, ó gbéra. Àwọn méjì ṣì ń bọ̀. Wọ́n dé oríta, kò sẹ́ni, wọ́n gba apá òsì. Ogójì ìṣẹ́jú kọjá ká tó mọ̀ pé a ò pé. Láti ọjọ́ yẹn, ẹni ẹ̀yìn máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò, ẹlòmíràn kò sì gbọ́dọ̀ wọ irú rẹ̀.

Ẹ kọ́ ara yín ní àmì ọwọ́ díẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pọ̀. Ọwọ́ òsì la fi ń ṣe é, torí ọ̀tún ló di bíréèkì iwájú àti ohun tó ń mú eré pọ̀ sí i mú. Ìka kan lókè orí: ẹ tò ní ọ̀kan-ọ̀kan. Ìka méjì: ẹ padà sí apá kan, apá kejì bíi ti tẹ́lẹ̀. Àtẹ́lẹwọ́ tó dojú bolẹ̀ tó ń lọ sókè sódò: ẹ dẹwọ́. Ọwọ́ tó ń tọ́ka sí táńkì: epo ń tán. Bí kòtò bá wà lápá òsì, ẹ fọwọ́ tọ́ka sí i. Bó bá wà lápá ọ̀tún, ẹsẹ̀ ọ̀tún lẹ máa nà sí i.

Ibùdó: ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀

Lóru ọjọ́ kan, lẹ́yìn òjò, a wà nínú àgọ́ nígbà tá a gbọ́ gbì, gbì, gbì, gbì. Nígbà tá a tan tọ́ọ̀ṣì, alùpùpù mẹ́rin ló ti dùbúlẹ̀ lé ara wọn lórí. Sítáǹdì ẹ̀gbẹ́ ti èyí tó wà ní ìpẹ̀kun ìlà ti rì wọ inú ilẹ̀ tó ìwọ̀n ìka mẹ́ta, ó sì wó lu ẹnì kejì rẹ̀. Dígí méjì fọ́, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kan kán sí méjì. Ẹni tó ni kílọ́ọ̀ṣì yẹn ò bínú, àmọ́ kò sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́, èyí tó burú ju ìbínú lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá lọ wo pápá, ẹ fi gìgísẹ̀ bàtà tẹ ilẹ̀ náà. Bó bá wọlé, sítáǹdì máa wọlé. Kí olúkúlùkù mú pákó pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ wá, tàbí agolo tó tẹ̀ pẹrẹsẹ, kó fi sábẹ́ sítáǹdì. Kí ẹ̀yin tí ẹ ṣètò náà ní mẹ́wàá lọ́wọ́, torí ìdajì wọn máa gbàgbé. Ẹ fi ìwọ̀n mítà méjì sáàárín alùpùpù kan sí èkejì. Níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kí imú rẹ̀ kọjú sí òkè, kí ẹ fi í sí jíà kìn-ín-ní.

Ẹ ya ibi àgọ́ sọ́tọ̀ kúrò níbi alùpùpù, kí ibi ìdáná sì jìnnà sí méjèèjì, torí epo bẹntiróòlù ò mọ ẹni tó ń ṣeré. Ẹ ní ohun ìpaná tó ṣiṣẹ́. Omi mímu àti ilé ìyàgbẹ́, ẹ ṣe é kó pọ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà tí ọkọ̀ aláìsàn lè gbà wọlé láì jẹ́ pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ máa tú àgọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú: alùpùpù fúnra rẹ̀

Ẹ má tún un ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn. Ohun tuntun tí mẹkáníìkì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, ẹ fẹ́ kó ti rin ọgọ́rùn-ún kìlómítà nítòsí ilé kó tó di pé ẹ gbé e lọ sọ́nà jíjìn.

Táyà ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀ nígbà tó bá tutù, láàárọ̀ kí ẹ tó gùn ún, torí afẹ́fẹ́ inú táyà tó gbóná máa ń lọ sókè, á sì tàn yín jẹ. Bí ẹ bá máa gbé ẹrù tàbí èèyàn, iye tí ìwé alùpùpù náà kọ fún ẹrù ni kí ẹ lò. Lẹ́yìn náà, ẹ wá àwọn lẹ́tà DOT lára táyà náà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà lè ní eyín dáadáa kó sì ti gbó. Bí ẹ bá tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ẹ rí ìlà wẹ́wẹ́ tó ń sán bí ẹrẹ̀ tó gbẹ, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ṣéènì kò gbọ́dọ̀ le gan-gan bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ rọ̀ jù. Ìwé rẹ̀ máa sọ iye mìlímítà tó yẹ kó máa fi lọ sókè sódò. Ẹ yí táyà ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tún wọ̀n ọ́n, torí ṣéènì kì í gbó dọ́gba. Ẹ wo bíréèkì páàdì, ẹ wo omi bíréèkì: bó bá ti dúdú bí ṣúgà tó jóná, ó ti fa omi mu, ó sì lè já yín kulẹ̀ lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ẹ wo ọ́ìlì, iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì láti ọwọ́ àti láti ẹsẹ̀, wáyà kílọ́ọ̀ṣì níbi tó ti wọ ọwọ́, níbi tí irun rẹ̀ máa ń já sí.

Ẹrù tó wúwo, ìsàlẹ̀ ni kó wà, kó sì sún mọ́ àárín. Lẹ́yìn tí ẹ bá so ó tán, ẹ mú etí okùn kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wò ó bóyá ó lè gùn dé ṣéènì tàbí táyà. Okùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ ti dá èèyàn dúró rí, lójijì.

Ohun tí ẹ máa wọ̀ àti èyí tí ẹ máa gbé

Àṣíborí tó ti já lulẹ̀ pẹ̀lú orí nínú, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán, bó tilẹ̀ ṣì ń dán. Jákẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀wọ́, ṣòkòtò tó nípọn, bàtà tó bo ọrùn ẹsẹ̀. Mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí wọn, ẹ ti gbọ́ ọ tó. Èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni ohun tí a ń fi dí etí: lórí eré, ariwo atẹ́gùn inú àṣíborí máa ń ba etí jẹ́, ó sì ń tánni lókun láì jẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹ mú aṣọ òjò pẹ̀lú, torí atẹ́gùn lára aṣọ tútù ń gba ooru ara kíákíá, ní ibi tí oòrùn ti ń mú pàápàá. Àwọn tó ń lọ sí Elefantentreffen, àpéjọ alùpùpù ìgbà òtútù ní Jámánì, tó ti wà láti ọdún 1956, inú òtútù gidi ni wọ́n ń pàgọ́; ohun tí wọ́n wọ̀ ló ń jẹ́ kí wọ́n tún padà lọ.

Ẹ kó irinṣẹ́ tó wá pẹ̀lú alùpùpù, ohun ìdí táyà àti ohun ìfẹ́ táyà, ọwọ́ kílọ́ọ̀ṣì kan (ẹ mọ ìdí rẹ̀), fíúsì, tọ́ọ̀ṣì, omi. Kí olúkúlùkù kọ orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà ẹni tí wọ́n máa pè, oògùn tí ara rẹ̀ kò gbà, sórí bébà kékeré kan, kó fi sápò jákẹ́ẹ̀tì apá òsì. Ẹni ẹ̀yìn ní ẹ̀dà kan.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó gbéra

Ẹ pa gbogbo ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èèyàn bọ́ àṣíborí, kí wọ́n lè gbọ́ràn. Ẹ sọ ibi tí ẹ ti máa dúró, ẹ ṣe àmì ọwọ́ kí wọ́n ṣe é padà, ẹ fi ẹni ẹ̀yìn hàn wọ́n kí wọ́n rí aṣọ rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ kedere pé kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ sáré ju bí agbára rẹ̀ ṣe mọ.

Ẹ sọ nípa ìjàǹbá náà, bí kò tilẹ̀ dùn-ún sọ. Bí ẹnì kan bá ṣubú, ẹnì kan á padà sẹ́yìn lọ kìlọ̀ fún mọ́tò tó ń bọ̀, ẹnì kan á pe ọkọ̀ aláìsàn, ẹnì kan á wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn tó kù á wá ibi tí kò léwu páàkì sí, wọn ò ní pagbo lé e lórí. Ẹ má bọ́ àṣíborí lórí rẹ̀ bó bá ń mí dáadáa, torí ọrùn lè ti ṣèṣe; ẹ ṣí gíláàsì rẹ̀ kó lè rí afẹ́fẹ́, kí ẹ máa bá a sọ̀rọ̀. Àyàfi bí kò bá mí ni ẹ máa bọ́ ọ, èèyàn méjì sì ló ń ṣe é: ọ̀kan di orí àti ọrùn mú ṣinṣin, èkejì ń fà á yọ díẹ̀díẹ̀.

Alẹ́ Àbámẹ́ta àti àárọ̀ Àìkú

Ẹni tó bá fẹ́ mutí, kó fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sínú àpótí tó wà lọ́dọ̀ yín kó tó gba ife àkọ́kọ́. Kò sí ìjà níbẹ̀ bí ẹ bá ti sọ ọ́ nínú ìwé ìkésíni. Àárọ̀ ló le: oorun àti omi tútù kì í lé ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, àsìkò nìkan ló ń lé e. Ẹni tó bá mu títí di agogo mẹ́ta òru, kó má retí kọ́kọ́rọ́ ní agogo mẹ́jọ.

Ẹ má jẹ́ kí gbogbo èèyàn túká ní wákàtí kan náà lọ́jọ́ Àìkú láì dágbére. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó ń lọ, wákàtí tó lọ, àti ẹni tí wọ́n jọ lọ. Kí èèyàn mẹ́rin dúró gbálẹ̀ pápá títí kò fi ní sí ìdérí ìgò kan ṣoṣo, torí ẹni tó ni ilẹ̀ máa wò ó kó tó gbà yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Kí olúkúlùkù fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ bó bá ti délé: "mo ti dé" ti tó. Èmi máa ń fi bírò fàlà sí orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún tó kọjá, orúkọ kan ló kù ní agogo mẹ́wàá alẹ́, baba kan tó máa ń rọra gùn. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún bàtà mi wọ̀, mo gbé kọ́kọ́rọ́. Ó pè mí padà bí mo ṣe ń ṣílẹ̀kùn: ó ti délé láti agogo méje, inú balùwẹ̀ ló wà.